Dráífà Ni Àbí Nǹkan Mìíràn? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tó Ń Mú Kọ̀ǹpútà Dákú

Bí kọ̀ǹpútà Windows bá dédé dákú, tí ojú rẹ̀ di búlúù, tó sì kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ràn tí oníkálukú máa ń gbani kì í ju ẹyọ kan lọ: lọ wá dráífà tuntun. Ìmọ̀ràn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì òtítọ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ló wà tó jẹ́ pé dráífà tuntun gan-an ló sọ wọ́n di aláìsàn. Ọ̀pọ̀ sì wà tí dráífà wọn kò ṣẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé RAM tàbí ooru ló ń dà wọ́n láàmú. Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé: kí ló yí padà láàrin ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa àti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dákú?

Windows fúnra rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá káàdì àwòrán, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Wi-Fi tàbí ẹ̀rọ ohùn sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń kọ ètò kékeré tó máa ṣe alárinà wọn, òun là ń pè ní dráífà. Ibi tí wọ́n gbà á láyè láti máa ṣiṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ètò bíi Word tàbí Chrome ní ààyè mẹ́mórì tirẹ̀. Bó bá kú, òun nìkan ló kú. Àmọ́ ọ̀pọ̀ dráífà wà nínú kernel, àárín gbùngbùn Windows, níbi tí gbogbo wọn ti ń lo mẹ́mórì kan náà. Bí ọ̀kan bá kọ nǹkan sí ojú ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, Windows kò lè mọ ohun tó ti bàjẹ́ àti ohun tó ṣì dára mọ́. Kàkà kó máa bá iṣẹ́ lọ, kó wá ba fáìlì oníbàárà jẹ́, ó yàn láti dá gbogbo nǹkan dúró. Ààbò ni ojú búlúù tí à ń bú yẹn. Ní 1996, nígbà tí Microsoft gbé Windows NT 4.0 jáde, wọ́n kó apá tó pọ̀ nínú iṣẹ́ àwòrán wọ inú kernel kó lè máa yá. Ìyára ni wọ́n rà, ewu ni wọ́n fi san owó rẹ̀.

Àwọn tó ti ka ìdákú wọ̀nyí jọ kò fi bẹ́ẹ̀ ta ko ara wọn. Ní 2001, àwọn olùwádìí kan ní Yunifásítì Stanford yẹ kóòdù Linux wò, wọ́n sì rí i pé ìwọ̀n àṣìṣe inú dráífà lè tó ìlọ́po mẹ́ta sí méje ti apá yòókù kernel. Ní 2003, àwọn ará Yunifásítì Washington tó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Nooks kọ ọ́ pé dráífà ló fa ìdá 85 nínú 100 àwọn ìdákú Windows XP tí wọ́n ròyìn lásìkò náà. Èyí tó ta aráàlú jí jù ni ti Windows Vista. Ó jáde fún gbogbo ènìyàn ní oṣù kìíní 2007, pẹ̀lú ìlànà tuntun tí dráífà àwòrán gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ kò tíì ṣe tán. Nígbà tí àwọn oníbàárà gbé Microsoft lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwé inú ilé tú síta ní 2008: nínú àwọn ìdákú Vista tí Microsoft kọ sílẹ̀ ní 2007, dráífà Nvidia ló ni ìdá 28.8 nínú 100, ti Microsoft fúnra rẹ̀ jẹ́ 17.9, ti ATI 9.3, ti Intel 8.8. Ká má fi ìkánjú dá ẹjọ́ o. Káàdì Nvidia pọ̀ nígboro nígbà náà, nítorí náà iye yẹn nìkan kò lè fi hàn pé dráífà tirẹ̀ ló burú jù. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni pé ogbó dráífà kì í sábà jẹ́ ìṣòro títí di ọjọ́ tí Windows bá yí padà lábẹ́ rẹ̀.

Microsoft pàápàá ti jẹ nínú rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ní oṣù kẹrin 1998, ní ìpàtẹ COMDEX ní Chicago, Chris Capossela, òṣìṣẹ́ Microsoft, ki wáyà skáná bọ kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows 98 láti fi hàn pé kọ̀ǹpútà máa dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Ojú búlúù ló jáde. Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín, Bill Gates tó dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fi ṣe àwàdà pé ìdí tí wọn kò fi tíì máa tà á nìyẹn.

Kò sí ìṣẹ̀lẹ̀ tó ṣeé fi kọ́gbọ́n tó ti CrowdStrike. Ilé iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ni ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ta ètò kan tó ń jẹ́ Falcon fún ilé ìfowópamọ́, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àti ilé ìwòsàn. Kí Falcon lè máa ṣọ́ gbogbo ohun tó ń wọlé, ó fi dráífà kan, csagent.sys, sínú kernel, ó sì ní kí Windows máa gbé e dìde nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń tan. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 2024, ní aago 5:09 àárọ̀ Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ náà fi fáìlì kékeré kan ránṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Channel File 291. Nǹkan 21 ni wọ́n ti là sílẹ̀ fún un, 20 péré ni ètò tó wà lórí kọ̀ǹpútà kó fún un. Bó ṣe fẹ́ mú ìkọkànlélógún, kò bá a níbẹ̀, ó sì lọ ka ojú mẹ́mórì tí kò yẹ kó kà. Windows dá gbogbo rẹ̀ dúró. Kọ̀ǹpútà tún tan, csagent tún dìde, ó tún ka fáìlì kan náà, gbogbo rẹ̀ tún dákú.

Ìṣẹ́jú 78 péré ni wọ́n fi dá fáìlì náà padà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti gbà á kò lè tan pẹ́ débi tí yóò fi rí àtúnṣe gbà. Microsoft ṣírò pé kọ̀ǹpútà mílíọ̀nù 8.5 ló kàn, bẹ́ẹ̀ iye yẹn kò tó ìdá kan nínú 100 gbogbo kọ̀ǹpútà Windows. Delta nìkan fagi lé nǹkan bí ìrìn-àjò òfurufú 7,000. Lórí ọ̀pọ̀ wọn, kò sí ọ̀nà àbùjá: ènìyàn ní láti jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan, kó wọ Safe Mode, níbi tí Windows kì í ti gbé ju dráífà tí kò ṣeé má nìí dìde lọ, kó lọ sí fódà C:\Windows\System32\drivers\CrowdStrike, kó pa fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C-00000291 rẹ́, kó sì tún un tan. Níbi tí wọ́n bá ti fi BitLocker ti dísíìkì, ó ní láti kọ́kọ́ wá nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń ṣí i, oní-díjíìtì 48, jáde.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí èyí. Dráífà náà kò yí padà rárá. Ọjọ́ rẹ̀ kò yí, nọ́ńbà rẹ̀ kò yí, Microsoft sì ti buwọ́ lù ú. Ohun tó ń kà ló yí. Ẹni tó bá lọ ń wá dráífà tuntun lọ́jọ́ náà, asán ló ń lé. Ẹni tó béèrè ohun tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ló máa débẹ̀.

Ohun tí ojú búlúù kọ ṣe pàtàkì, àmọ́ ẹ̀rí lásán ni. DRIVER_IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 0xD1, ń sọ pé dráífà kan fọwọ́ kan mẹ́mórì ní àkókò tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Bí orúkọ fáìlì bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, a ti rí ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. DRIVER_POWER_STATE_FAILURE, 0x9F, a máa jáde nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sùn tàbí tó fẹ́ jí: Windows ní kí dráífà kan sùn, kò dáhùn. Wi-Fi àti ẹ̀rọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà lára àwọn tí mo máa kọ́kọ́ fura sí níbẹ̀. DPC_WATCHDOG_VIOLATION, 0x133, ń sọ pé dráífà kan jókòó sórí iṣẹ́ tó yẹ kó ti parí. Láti ìgbà Windows 8 ni àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ti mọ̀ pé dráífà dísíìkì ti Intel, èyí tí orúkọ fáìlì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iaStor, lè dá irú èyí sílẹ̀, àti pé bí wọ́n bá fi storahci.sys ti Microsoft rọ́pò rẹ̀, ara kọ̀ǹpútà sábà máa ń balẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé dráífà gbogbogbòò tó ti wà nínú Windows ni wọ́n padà sí, kì í ṣe èyí tó dé kẹ́yìn.

VIDEO_TDR_FAILURE, 0x116, gba sùúrù díẹ̀. Windows máa ń fún káàdì àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá méjì láti dáhùn. Bí kò bá dáhùn, Windows á tún dráífà rẹ̀ gbé dìde. Ojú kọ̀ǹpútà á ṣókùnkùn díẹ̀, á sì padà. Ìgbà tí èyí náà bá kọ̀ ni ojú búlúù tó ń jáde. Orúkọ dráífà Nvidia tàbí AMD ló máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé fáànù ti di eruku, tàbí pé káàdì fúnra rẹ̀ ń kú lọ. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tó bá gbóná nìkan ló ń ṣe é, ẹ kọ́kọ́ tú ìdí rẹ̀, kí ẹ gbá eruku.

Àwọn ìdákú kan tún wà tí dráífà kò mọ nǹkan kan nípa wọn. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR, 0x124, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ojú búlúù bá sì ń kọ nǹkan ọ̀tọ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, tó dárúkọ dráífà ohùn lónìí, tó dárúkọ ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́la, RAM ni kí ẹ fura sí. Ẹ fi MemTest86 dán an wò mọ́jú, bí iná bá gbà. Nígbà tí Windows 11 24H2 jáde ní 2024, SSD Western Digital SN770 bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọ̀ǹpútà kú. Ètò tó wà nínú SSD náà fúnra rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ padà tún ṣe.

Bí Windows bá dákú, ó máa ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sínú fáìlì kan ní C:\Windows\Minidump. BlueScreenView, ètò ọ̀fẹ́ láti ọwọ́ NirSoft, lè kà á fún ẹnikẹ́ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ó fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí ntoskrnl.exe, bẹ́ẹ̀ kernel Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ó sì pariwo. Ẹni tó ké olè kọ́ ni olè. WinDbg ti Microsoft, pẹ̀lú àṣẹ !analyze -v, ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ le. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò gba ọgbọ́n kankan: ẹ tẹ perfmon /rel. Tábìlì kan á ṣí tó ń fi hàn, lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí wọ́n gbé sórí kọ̀ǹpútà àti ìgbà tó dákú. Ìdáhùn sí ìbéèrè ohun tó yí padà wà níbẹ̀ láti ìgbà Vista, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni ṣí i. Bí ẹ bá rí Kernel-Power 41 nínú àkọsílẹ̀, ẹ má jẹ́ kó da orí yín rú. Ohun tó ń sọ kò ju pé kọ̀ǹpútà kú láì pa á bó ti yẹ. Lórí kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú ní ìlú tí NEPA ti ń mú iná lọ nígbà tó bá wù wọ́n, ojoojúmọ́ lẹ máa rí i.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Láti Windows 8, bí ẹ bá tẹ Shut down, kernel àti dráífà inú rẹ̀ kì í kú tán. Windows ń fi ipò wọn pamọ́ sórí dísíìkì kó lè yá láti tan lọ́la. Fast Startup lorúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní òun ti pa á tan, pa á tan, tí dráífà kò gbọ́, kò tíì pa á rárá. Restart ló ń gbé dráífà dìde lákọ̀tun.

Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì ń tan, Device Manager ni ibi tó yẹ kí ẹ lọ, kí ẹ sì tẹ Roll Back Driver lórí ẹ̀yà tí ẹ fura sí. Bí kò bá tan, F8 tí wọ́n ń tẹ̀ tẹ́lẹ̀ láti wọ Safe Mode kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bó bá dé ojú ibi tí ẹ ti ń wọlé, ẹ di Shift mú bí ẹ ti ń tẹ Restart; bí kò bá débẹ̀, ẹ jẹ́ kó kùnà láti tan ní ẹ̀ẹ̀mẹta, á gbé ojú ìtọ́jú jáde fúnra rẹ̀. Safe Mode kì í gbé ju dráífà tí kò ṣeé má nìí lọ. Bí kọ̀ǹpútà tó ń dákú ní wákàtí wákàtí bá wà níbẹ̀ fún ọ̀sán kan láì ṣe nǹkan kan, ìfura lórí dráífà ti lágbára nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé ìtúnṣe ńlá Windows ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sórí rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ni Windows fúnni láti padà sí ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, fáìlì àtijọ́ ti lọ. Driver Verifier, tó ti wà láti Windows 2000, a máa ni dráífà lára títí èyí tó ní àìsàn yóò fi ṣubú. Irinṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ ó lè mú kí kọ̀ǹpútà máa kú nígbàkígbà tó bá ń tan. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń wọ Safe Mode láti lọ tẹ verifier /reset kó má dán an wò.

Níbo ló yẹ kí dráífà ti wá? Ojú ewé ilé iṣẹ́ tó ṣe làápútọ́ọ̀pù náà, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà ní ìdí rẹ̀, ló yẹ kó ṣáájú. Ní Computer Village ní Ikeja, níbi tí tòkunbọ̀ ti ń dé láìsí ìwé kankan, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n fi Windows tuntun sórí ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó rántí dráífà. Lórí ọ̀pọ̀ èyí tó ní Intel ìran kọkànlá, Windows tilẹ̀ lè sọ pé òun kò rí dísíìkì kankan. Dísíìkì wà níbẹ̀. Dráífà Intel VMD ni kò sí lórí fìláàṣì. Mo kórìíra àwọn ètò tó ń ṣèlérí láti wá gbogbo dráífà fúnni. Ìbẹ̀rù ni wọ́n ń tà. Wọ́n á rí dráífà Windows tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 21 oṣù kẹfà 2006, wọ́n á pariwo pé ó ti gbó. Microsoft ló mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọjọ́ yẹn sórí ọ̀pọ̀ dráífà rẹ̀, kí ti ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà lè máa borí tirẹ̀. Intel náà kọ 18 oṣù keje 1968, ọjọ́ tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, sórí tirẹ̀. Windows kò tíì sí nígbà náà.

Tuntun náà lè pani. Ní oṣù kẹta 2010, Nvidia yára fa dráífà 196.75 padà nítorí pé fáànù àwọn káàdì kan kò yí bó ti yẹ mọ́, wọ́n sì ń gbóná. Ní 2014, dráífà FTDI, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ṣíìpù inú wáyà USB, gba ọ̀nà Windows Update wọlé, ó yí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ayédèrú ṣíìpù wọn padà sí òdo, wáyà tó ń ṣiṣẹ́ lánàá sì di òkú. Ẹni tó ra wáyà náà kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Òun ló jìyà ọ̀rọ̀ tí kò kàn án.

Síbẹ̀, ìdí kan wà tí mo fi gbà pé kí dráífà má gbó jù: olè. Ní 2020, àwọn olè tó ń fi ètò kan tó ń jẹ́ RobbinHood gba owó ìtúsílẹ̀ gbé dráífà Gigabyte àtijọ́ kan, gdrv.sys, dání wọ kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn. Òótọ́ ni ìbuwọ́lù rẹ̀, ihò inú rẹ̀ sì ni wọ́n gbà wọ kernel láti pa ètò ààbò. Láti ìtúnṣe 2022 ti Windows 11 ni ìwé ìdènà tí Microsoft ń kọ orúkọ irú dráífà bẹ́ẹ̀ sí ti ń ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni béèrè.

Àwọn tó ń ṣe Windows àti macOS ti mọ ibi tí ìṣòro wà. Apple bẹ̀rẹ̀ sí í lé dráífà kúrò nínú kernel ní 2019 pẹ̀lú DriverKit. Lẹ́yìn ti CrowdStrike, Microsoft náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò bí àwọn onísọ́fítíwíà ààbò yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ láti ìta. Ní 2025, wọ́n sọ ojú búlúù di dúdú, wọ́n sì fi ọ̀nà kan kún un tí kọ̀ǹpútà tí kò lè tan yóò máa gbà wá àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ti àwọ̀ dúdú yẹn, n kò rí ohun tó tún ṣe.

Àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 kò sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú ìran keje Intel sẹ́yìn. Àwọn tó ń fi ipá gbé e sórí wọn ń lo dráífà tí wọ́n kọ fún Windows 10, kò sì dájú pé ilé iṣẹ́ kankan yóò kọ òmíràn. Bí dráífà irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó fọ́ọ̀mátì rẹ̀, ẹ ki fìláàṣì bọ̀ ọ́, ẹ ṣe fódà kan sórí rẹ̀, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí ẹ sì tẹ pnputil /export-driver * pẹ̀lú orúkọ fódà náà. Gbogbo dráífà tí àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kọ sórí kọ̀ǹpútà náà ló máa kó síbẹ̀, ti Wi-Fi pẹ̀lú, èyí tí ẹ máa nílò kí íntánẹ́ẹ̀tì tó wà láti wá ìyókù.